Ta Ló Lo Iná Oòrùn Ìdí-Ẹmi Tán?

Màámi, Àṣàkẹ́ tèmi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta náà ti di ọdún márùn-ún, èmi ni mo sì jẹ̀bi, torí n kò kọ ohunkóhun sí yín látìgbà tí ẹ ti lọ. Nígbà tí ẹ wà láyé, ẹ ò mọ̀wé kà, ẹnu awakọ̀ Ṣakí ni mo máa ń fi ọ̀rọ̀ rán sí yín. Mo rò pé níbi tí ẹ wà báyìí, ìwé kíkà kò lè jẹ́ ìṣòro mọ́.

Àárọ̀ Sátidé ni. Mo jókòó síwájú ilé lórí àpótí tí ẹ máa ń jókòó lé tí ẹ bá ń bó ẹ̀gúsí. Mo gbé e wá láti Ṣakí lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ yín, n kò sì bi ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹbí pín aṣọ, wọ́n pín abọ́, èmi gbé àpótí. Ẹ má bínú.

Inú ń bí mi, Màámi. Ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi, débi pé àwọn ará ilé kejì ti ń béèrè ohun tí odó ṣe mí tí mo fi ń gún un bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ ìwé méjì sí àwọn ọ̀gá wa lórí ọ̀rọ̀ yìí, ní èdè òyìnbó tó mọ́ tónítóní, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ parí. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an kò sí nínú méjèèjì. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

Ẹ rántí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá sí Ìdí-Ẹmi yìí ni nígbà tí ẹ kú. Ẹ ní abúlé tó wà lẹ́yìn Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, tó fẹ̀gbẹ́ kan igbó ìjọba, ti jìnnà jù fún nọ́ọ̀sì tí kò tíì lọ́kọ. Ó jìnnà lóòótọ́. Ọkọ̀ kì í dé ibí àfi lọ́jọ́ ọjà. Iná ìjọba kò tíì dé. Òpó tí àwọn olóṣèlú rì sẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń wá ìbò ṣì dúró síbẹ̀, ẹyẹ ló ń bà lé e, wáyà kan kò sí lórí rẹ̀. Àwọn sójà ti gba ìjọba padà lọ́wọ́ wọn, òpó kò mọ̀.

Ọdún kejì tí mo débí ni wọ́n mú iná oòrùn wá. Òyìnbó méjì ló wá, pẹ̀lú ẹnjiníà kan tó jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn, Ṣítù lórúkọ rẹ̀, kò ju ẹgbẹ́ mi lọ. Wọ́n to àwo gíláàsì dúdú sórí òrùlé díspẹ́ńsárì wa, wọ́n fa wáyà láti ibẹ̀ wọ yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì to bátìrì sínú yàrá náà, irú èyí tí ọkùnrin méjì ń pawọ́ pọ̀ gbé ẹyọ kan. Oòrùn á ràn sórí àwo, àwo á sọ ọ́ di iná, iná á lọ dúró sínú bátìrì. Gbogbo rẹ̀, torí fíríìjì funfun kan ni. Fíríìjì náà kò ga ju ìbàdí mi lọ, inú rẹ̀ sì ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń gbé, torí bí ooru bá ti kàn án, ó ti di omi lásán. Abẹ́rẹ́ èéyi, Màámi.

Ẹ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ mí lára. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, nínú ọyẹ́, ni èéyi gba ọmọ yín méjì, Súbérù àti Mọ́ríámọ̀, lọ́wọ́ yín. Kíláàsì kẹta ni mo wà. Mo rántí bí ẹ ṣe ká aṣọ àwọn méjèèjì sínú igbá kan, tí ẹ dé e, tí ẹ gbé e sókè àjà, tí ẹ kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́ títí mo fi lọ sílé ìwé nọ́ọ̀sì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi pé abẹ́rẹ́ kan wà tó ń dá àrùn náà dúró. Mo wálé lọ́jọ́ ìsinmi, mo jókòó tì yín, a bó ẹ̀gúsí títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò sì sọ ọ́ fún yín. Ṣé ó yẹ kí n sọ ọ́? Ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ kàn ń dákẹ́ fún mi bí mo ṣe ń dákẹ́ fún yín?

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ẹnjiníà Ṣítù fi kọ́ mi níṣẹ́. Ó fi mítà kan hàn mí lára ògiri, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ń rìn láàrin àwọ̀ ewé àti pupa.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ wo ibí yìí dáadáa," ló wí. "Ohun tí oòrùn ń mú wọlé lóòjọ́ ní ìwọ̀n. Fíríìjì ń jẹ nínú rẹ̀, gílóòbù méjì ń jẹ nínú rẹ̀, ìyókù la fi pa mọ́ de ọjọ́ òjò. Ọjọ́ tí èyí tó ń jáde bá ti ń ju èyí tó ń wọlé lọ, ọ̀la lẹ ń jẹ yẹn. Tí abẹ́rẹ́ yìí bá ń sùn sínú pupa, bátìrì ti ń kú. Tó bá sì kú, n kò mọ ẹni tó máa ra òmíràn fún yín."

Ó rò pé yóò ṣòro fún mi. Kò ṣòro rárá. Ilé yín ni mo ti dàgbà, níbi tí ẹ ti ń fi èédú fa ìlà sínú àmù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí omi bá wà lókè ìlà àkọ́kọ́, a lè wẹ̀. Tó bá dé ìlà kejì, ojú àti ẹsẹ̀ nìkan. Tó bá dé ìlà ìsàlẹ̀, mímu àti àlùwàlá ló kù, bùútà gan-an, ẹ máa ń fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ kí omi má baà yára. Lọ́jọ́ kan Bàbá fẹ́ wẹ̀ nígbà tí omi ti dé ìsàlẹ̀, ẹ rọra gba igbá lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò yín, wọ́n wo àmù, wọ́n wọlé lọ. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe iná yìí fún ọdún méjì gbáko. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo ń kọ ibi tí abẹ́rẹ́ mítà wà sínú ìwé. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo àwo orí òrùlé bí èlùbọ́, èmi àti Bàbá Lámídì á gbé àkàbà ti ògiri. Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ọgbà díspẹ́ńsárì, àgbàlagbà ni wọ́n, ìbàdí ń dùn wọ́n, nítorí náà wọ́n á di àkàbà mú, èmi á gùn ún pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́. Àwọn obìnrin tó ń lọ sódò á máa fi nọ́ọ̀sì tó ń nu òrùlé ṣe yẹ̀yẹ́. Tí ojú ọ̀run bá ṣú fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, mo ń pa gílóòbù méjèèjì, mo ń fi àtùpà gbẹ̀bí kí fíríìjì lè rí tirẹ̀ jẹ. Àwọn aboyún ń kùn pé iná wà, nọ́ọ̀sì ń ṣahun rẹ̀. Òótọ́ ni, mo ṣahun. Àmọ́ láàrin ọdún méjì yẹn, èéyi kò pa ọmọ kankan ní Ìdí-Ẹmi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Ọ̀gá Bámgbóyè wá. Màámi, mo mọ̀ pé tí ẹ bá wà níbí tí ẹ gbọ́ tí mo pe ẹni tó dàgbà jù mí lọ ní "ó", ẹ ó tẹjú mọ́ mi títí n ó fi tún un sọ. Ẹ forí jì mí. Mo pè é ní "wọ́n" lójú rẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú ìwé yìí, n kò lè ṣe é.

Alábòójútó ìlera ni, gbogbo díspẹ́ńsárì apá ibí ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè gbé ibi tó bá wù ú nínú abúlé mẹ́ta, ó mú Ìdí-Ẹmi torí ó gbọ́ pé iná wà níbẹ̀. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan tó fi fa wáyà láti yàrá bátìrì wọ ilé rẹ̀ tó wà lẹ́yìn díspẹ́ńsárì. Fáànù ló kọ́kọ́ fi sí i. Nígbà tó yá, ó gbé tẹlifíṣọ̀n dé, ó sì ri ọparun gíga kan tí irin wà lórí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè gba àwòrán. Mo lọ bá a.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, iná yìí kò tó. Ìwọ̀n fíríìjì ni wọ́n ṣe é."

Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Nọ́ọ̀sì, ta lo gbọ́ pé ó ń ta oòrùn? Ọ̀fẹ́ ni. Ọlọ́run kì í kọ bíìlì."

"Oòrùn lọ̀fẹ́, sà. Bátìrì kì í ṣe ọ̀fẹ́."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

Mo ní rárá, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn ló ń pọ́n mi lójú títí dòní. Kí ló jẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀? Ta ló ń gun àkàbà nínú ọyẹ́? Ta ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lọ wá omi bátìrì, tó ń gbé e bọ̀ lórí kó má baà dà? Àwọn obìnrin tó bímọ nínú èéfín àtùpà, ṣé ọ̀fẹ́ ni ti wọn náà? Kí ohun tó ń wọlé tó lè bá ohun tó ń jáde dọ́gba, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi nǹkan tirẹ̀ sílẹ̀. Ní Ìdí-Ẹmi, ẹni tó fi tirẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà tí Baálẹ̀ rí wáyà ọ̀gá, wọ́n ní kí n fún àwọn náà ní gílóòbù kan sí pálọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Nígbà tí ààwẹ̀ Ramadan dé, àwọn àgbà mọ́sálásí wá tọrọ iná fún ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn. Èmi fúnra mi ni mo gbà fún wọn, ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Ẹ̀yin ni mo rántí, bí ẹ ṣe máa ń da etí sílẹ̀ láti gbọ́ ìpè ìrun tí afẹ́fẹ́ bá ń gbé e lọ síbòmíràn. Mo ní díẹ̀ ni, kò lè ṣe nǹkan. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé mi lójoojúmọ́ pé abẹ́rẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀, mo sì ń tan ara mi pé yóò tún gòkè. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, n kò ní fi pa mọ́ fún yín.

Oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, òjò kò jẹ́ ká rójú ọ̀run. Ọjọ́ ń lọ, oòrùn kò yọ, abẹ́rẹ́ mítà fara kan pupa. Mo lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé.

"Ṣé ohun tó wà nínú àpótí tútù yẹn ni kì í jẹ́ kí èéyi pa ọmọ?" ni wọ́n bi mí.

"Òun ni, bàbá."

"Kí lo wá ń kúnlẹ̀ fún? Lọ yọ tèmi kí o tó délé."

Àwọn ará mọ́sálásí yọ tiwọn lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀gá Bámgbóyè kò yọ tirẹ̀. Mo fọwọ́ ara mi tú wáyà rẹ̀, mo padà dé láti ibi tí mo ti ń wo aláìsàn, ó ti so ó padà.

Ibi tó wá burú sí rèé. Ẹnjiníà Ṣítù ti gbé àpótí kékeré kan kọ́ ògiri tó ń ṣọ́ bátìrì. Tí iná bá fẹ́ tán, àpótí náà fúnra rẹ̀ á já gbogbo ohun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, kí bátìrì má baà kú. Fíríìjì gba inú rẹ̀ kọjá. Gílóòbù àwọn aláìsàn gba inú rẹ̀ kọjá. Wáyà Ọ̀gá Bámgbóyè kò gba ibẹ̀, orí bátìrì gan-an ló so ó mọ́. Nítorí náà, nígbà tí iná kù díẹ̀, àpótí já fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́ lọ. Àwa tí a tẹ̀ lé òfin ni òfin gé. Ẹni tó fo òfin dá ló mu ún dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gba igbá lọ́wọ́ ọkọ yín, kí lẹ bá ti ṣe fún ọ̀gá tó lu àmù nídìí?

N kò sí nílé lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n pè wá fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ní Àgọ́-Àrẹ. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, Bàbá Lámídì ló wá pàdé mi lójú ọ̀nà.

"Nọ́ọ̀sì, àpótí tútù kò ké mọ́ látìjẹta," ni wọ́n wí. "Mo sọ fún ọ̀gá. Wọ́n ní kí n lọ roko."

Mo sáré. Mo ṣí fíríìjì, yìnyín inú rẹ̀ ti di omi, omi náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo mú ìgò abẹ́rẹ́ kan, ó gbóná bí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo jáde sẹ́yìnkùlé láti pe ọ̀gá. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, fáànù ń yí nínú pálọ̀, aṣọ fèrèsé ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kò sì sí ẹnì kankan nínú ilé.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ abẹ́rẹ́. Àwọn ìyá ti ń ti oko dé láti àárọ̀, ẹsẹ̀ wọn kún fún ẹrẹ̀. Ọ̀gá Bámgbóyè pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Gún wọn," ló wí.

"Sà, omi lásán ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Ooru ti pa á."

"Ta ló máa mọ̀? Fíríìjì bàjẹ́ lábẹ́ rẹ, o fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́? Gún wọn, kí o kọ ọ́ sínú káàdì wọn, kí wọ́n máa lọ."

Mo gbé àwo ìgò jáde síta. Níwájú gbogbo àwọn ìyá, mo ń ṣí ìgò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dà wọ́n sínú kòtò ẹ̀yìn ilé. Mo sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ ti bàjẹ́, pé ẹni tí mo bá gún á rò pé òun ti ṣe tán, kò sì ní tíì ṣe nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn tó gbé ìbejì wá láti oko jókòó sílẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Sàláwátù, ọmọ Bàbá Lámídì, wà láàrin wọn, ó pọn Ràfíátù sẹ́yìn. Ràfíátù ti pé oṣù mẹ́sàn-án, èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kó gba abẹ́rẹ́ èéyi tirẹ̀.

"Nígbà wo ni òmíràn á dé, Nọ́ọ̀sì?" ni Sàláwátù bi mí.

Mo ní ọ̀sẹ̀ méjì. N kò mọ̀ ọ́n. Mo kàn fẹ́ sọ iye ọjọ́ tó kéré.

Òmíràn kò dé. Bó bá tiẹ̀ dé, kò síbi tí à bá fi sí. Òjò lọ, oòrùn padà, ojú ọ̀run mọ́ kedere, mo gun àkàbà, mo nu àwo títí wọ́n fi ń dán. Bátìrì kò lè di iná mú mọ́. Á kún lọ́sàn-án, á gbẹ kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti mu ún kọjá ibi tó lè padà sí. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì àgbà pé kí wọ́n bá wa wá bátìrì tuntun, wọn kò fèsì. Ọ̀gá Bámgbóyè ní ooru Ìdí-Ẹmi pọ̀ jù, ó kó lọ sí ìlú tó ní ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀.

Èéyi dé pẹ̀lú ọyẹ́. Màámi, n kò ní ka iye àwọn ọmọ náà fún yín. Ẹ ti rí wọn, ẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Mo ń fi omi tútù nu ara wọn, mo ń fún wọn ní oògùn ibà, mo ń fi oògùn kun egbò ẹnu wọn, bí ẹ ti ṣe kun ti Mọ́ríámọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo fi ọdún púpọ̀ kọ́, gbogbo rẹ̀ kò ju ohun tí ẹ ṣe lọ. Ràfíátù kú lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdé, lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Bàbá Lámídì kò sunkún. Wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n gbá gbogbo ọgbà díspẹ́ńsárì, nígbà tí wọ́n gbá a tán, wọ́n padà síbẹ̀rẹ̀, wọ́n tún un gbá.

Sàláwátù wá bá mi lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kò bá mi jà. Mo fẹ́ kó bá mi jà.

"Nọ́ọ̀sì, ká ní ẹ gún un lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú èyí tó gbóná," ló wí, "ṣé kò ní ràn án lọ́wọ́ díẹ̀?"

Mo ní rárá. Òótọ́ ni. Ẹ wo irú òótọ́ tí wọ́n fi sí mi lẹ́nu láti sọ fún ìyá ọmọ.

Èyí tó wá sọ inú mi di iná ni kúẹ́rì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní mo da ohun ìní ìjọba nù láìgbàṣẹ. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì àgbà, àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì, Ọ̀gá Bámgbóyè wà lápá kan, ó wọ agbádá tuntun. Wọ́n ka ìwé kan tí òun kọ. Ìwé náà ní iná oòrùn kò wúlò ní agbègbè wa, pé oòrùn ibẹ̀ kò tó, pé kí wọ́n tú àwo kúrò lórí òrùlé, kí wọ́n má sì gbé irú rẹ̀ lọ sí abúlé mìíràn mọ́.

Oòrùn kò tó, ní Òkè-Ògùn. Níbi tí a ti ń sá ẹ̀gẹ́ sórí àpáta tó ń yángbẹ kí á tó ti ọjà dé. Mo gbé ìwé mi kalẹ̀ níwájú wọn, ìwé tí mo ti ń kọ ibi tí abẹ́rẹ́ mítà wà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ní kí wọ́n wò ó, ohun tó ń wọlé kò yí padà, ohun tó ń jáde ló pọ̀ sí i, láti ọjọ́ tí wọ́n ti fa wáyà yẹn. Mo ní wáyà Baálẹ̀ àti ti mọ́sálásí náà wà nínú rẹ̀, èmi ni mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣí ìwé náà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ti bébà kan sí mi.

"Fọwọ́ sí i, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Jẹ́rìí sí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. A ó fa kúẹ́rì rẹ ya, a ó gbé ọ lọ sí Ṣakí, nítòsí àwọn ẹbí rẹ. Gbogbo wa á lọ sílé."

Ṣakí, Màámi. Ilé yín. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè di ọjọ́ Jímọ̀.

Àná ni ọjọ́ Jímọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan tó ṣáájú rẹ̀, mo lálàá Ṣakí lójoojúmọ́, n kò ní parọ́ fún yín. Mo rò ó pé ẹnu mi kò lè dá bátìrì padà, kò lè dá ọmọ padà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ sí i, ẹ̀bi á di ti oòrùn, oòrùn kò sì lè sọ tẹnu rẹ̀. Wọn kò ní bi ẹnikẹ́ni nípa wáyà mọ́. Abúlé mìíràn tí fíríìjì ì bá dé kò ní rí i, torí pé nọ́ọ̀sì Ìdí-Ẹmi jẹ́rìí pé kò wúlò.

Mo padà sí ọ́fíìsì àgbà, mo gba bébà lọ́wọ́ akọ̀wé. Níbi tó yẹ kí n fọwọ́ sí, mo kọ ọ́ ní Yorùbá pé oòrùn ràn, pé iná tó, pé ènìyàn ló lò ó tán. Mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀.

Akọ̀wé náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ti ba fọ́ọ̀mù jẹ́," ló wí.

Mo ní mo mọ̀.

Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kí oṣù yìí tó parí, mo gbọ́dọ̀ kúrò nínú ilé tí mo jókòó síwájú rẹ̀ yìí. Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé ni mo ti da ìwé mítà kọ, tí mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Ẹnjiníà Ṣítù ní Ìsẹ́yìn. Ó rán ẹnìkan sí mi pé òun á gbé e dé ibi tó bá lè gbé e dé, òun kò ṣèlérí. Baálẹ̀ ní ẹni tó bá fẹ́ tú àwo kúrò lórí òrùlé á kọ́kọ́ bá àwọn sọ̀rọ̀. N kò mọ bí yóò ṣe parí. N kò sì kábàámọ̀, àfi ti Ṣakí.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ràfíátù wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Orí rẹ̀ ṣe róbótó, kò tíì mọ̀rọ̀ sọ nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ wa, tí ẹ bá na ìka sí i, á dì í mú gírígírí, kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi pọ̀n ọ́n. Tó bá dàgbà tó láti béèrè, ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ má sọ fún un pé àkókò rẹ̀ ló tó. Àkókò rẹ̀ kò tíì tó.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín tinútinú, tí inú sì ń bí síbẹ̀.